Ẹ Yé Fi Orúkọ Lampard Bú Ọmọlọ́mọ

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ Oòduà tó wà ní òkè Ọya àti káàkiri ibi tí kì í ṣe ilẹ̀ baba wa, ẹ gbọ́ wa o.    

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la gbé wá lónìí. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má tíì kọjá lọ, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bọ́ọ̀lù la fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ilé ara wa la máa bá a dé.

Ọmọkùnrin kan wà ládùúgbò wa níbí. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ títún fóònù ṣe lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó gba fúrídọ̀mù, a jẹ ìrẹsì, a jó. Ó gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Oṣù mẹ́jọ péré, ṣọ́ọ̀bù ti kógbá sílé. Owó ilé jẹ ẹ́, àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní gbèsè, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ọjà. Kí ló wá ṣe? Kò jalè, kò sì sá lọ. Ó padà lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kóun máa bá wọn ṣiṣẹ́, kóun fi kọ́ èyí tóun ò kọ́. Ọ̀gá gbà.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ yìí wá wo bọ́ọ̀lù níbi tí gbogbo wa ti ń wò ó. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ wọlé báyìí, ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: “Lampard ti dé o! Lampard ti padà sí Chelsea!” Gbogbo ilé dà á sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Lampard lorúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọdé tó ń ta omi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ò wá síbẹ̀ mọ́.

Àwa ò rẹ́rìn-ín. Ohun tó sì mú wa kọ èyí ni pé àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ò mọ ìtàn Lampard, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò mọ ìtàn ọmọ náà. Wọ́n ṣẹ̀ sí ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Oṣù kẹfà ọdún 1978 ni wọ́n bí Frank Lampard ní Romford, ní ìlà-oòrùn London. Bàbá rẹ̀, tóun náà ń jẹ́ Frank Lampard, gbá bọ́ọ̀lù fún West Ham fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì bá wọn gba ife ẹ̀yẹ FA lẹ́ẹ̀mejì, ní 1975 àti 1980. Harry Redknapp, ọkọ arábìnrin ìyá rẹ̀, ni akọ́nimọ̀ọ́gbá West Ham lásìkò tí ọmọ náà ń dàgbà, bàbá rẹ̀ sì ni igbákejì. Ẹ ò rí i? Ilé ló wà. Ọmọ onílé ni.

Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń kùn. Ní 1996, níbi ìpàdé kan tí West Ham ṣe pẹ̀lú àwọn olólùfẹ́ wọn, ọkùnrin kan dìde, ó ní ọmọ yìí ò tíì tó, ó ní nítorí pé ó jẹ́ ẹbí ni wọ́n ṣe ń tì í síwájú. Ọmọ náà wà níjókòó níbẹ̀ o! Lójú ẹ̀, létí ẹ̀. Redknapp dáhùn pé ọmọ yìí máa dé òkè pátápátá. Fídíò rẹ̀ wà níta títí dòní, ẹ lè wá a wò.

Ta lọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ nínú àwọn méjèèjì? Ní 2001, Chelsea ra Lampard ní mílíọ̀nù 11 pọ́n-ùn. Láti oṣù kẹwàá ọdún náà títí di ìparí 2005, ó gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 164 nínú Premier League láìpa ọ̀kan jẹ. Ẹ tún un kà: 164. Ẹni tó bá ń tan ara rẹ̀ jẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba líìgì ní 2005, 2006 àti 2010. Ó gba ife ẹ̀yẹ FA lẹ́ẹ̀mẹrin. Ní 2005, Ronaldinho nìkan ló ṣáájú rẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n dìbò fún láti gba Ballon d'Or. Agbábọ́ọ̀lù àárín pápá ni o, síbẹ̀ góòlù 211 ló gbá wọlé fún Chelsea, kò sì sí ẹni tó tíì gbá tó bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. Bobby Tambling ló ni 202 tẹ́lẹ̀, Lampard kọjá rẹ̀ ní oṣù karùn-ún 2013 nílé Aston Villa.

Ní Munich, 2012, nígbà tí Chelsea gba Champions League fún ìgbà àkọ́kọ́, Lampard ni balógun ikọ̀ lórí pápá lọ́jọ́ náà, torí pé wọ́n ti dá John Terry dúró. Ta ló dúró tì í láàárín pápá? Mikel Obi ni, ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí ní Jos. Ọmọ àtìpó ní òkè Ọya bíi tàwa. Ẹ̀yin ará Jos, ẹ ò gbàgbé alẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ má sì rò pé ayé ṣe é jẹ́jẹ́. Ní oṣù kẹrin 2008, ìyá rẹ̀ kú. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ó wà lórí pápá, Chelsea àti Liverpool, ìpele tó kángun sí àṣekágbá Champions League. Wọ́n fún Chelsea ní pẹnáritì, òun ló sì gbé bọ́ọ̀lù. Ó gbá a wọlé, ó lọ sígun pápá, ó kúnlẹ̀, ó ń sunkún. Ní 2010, ní Bloemfontein, ó gbá bọ́ọ̀lù wọlé Jámánì níbi ife ẹ̀yẹ àgbáyé, gbogbo ayé rí i pé ó ti kọjá ìlà, rẹfirí nìkan ni kò rí i. Ẹ̀yìn ìyẹn ni FIFA tó yí èrò padà, tí wọ́n gba ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìlà góòlù láyè.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù gbígbá, ẹnu ò gba ìròyìn. Ọkùnrin tó ní nítorí ẹbí ni, iṣẹ́ ló pa á lẹ́nu mọ́.

Àmọ́ ibí yìí lọ̀rọ̀ ti yí padà, ibí yìí náà la sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ gbọ́ wa.

Lampard fi bọ́ọ̀lù gbígbá sílẹ̀ ní 2017. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2018, Derby County fi í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá. Derby ò sí nínú Premier League, ìpele kejì ni wọ́n wà. Ó ṣe dáadáa. Ó lọ bá Mourinho ní Old Trafford, ó fi pẹnáritì lé Manchester United jáde nínú ife ẹ̀yẹ líìgì. Ó mú ọ̀dọ́mọdé mọ́ra, Mason Mount wà níbẹ̀, Fikayo Tomori náà wà níbẹ̀. Ẹ gbọ́ orúkọ Tomori dáadáa: Olúwafikáyọ̀mi ni. Ọmọ wa ni. Òun ni wọ́n dìbò fún ní Derby pé ó ṣe dáadáa jù lọ́dún náà. Wọ́n dé àṣekágbá tí wọ́n fi ń mú ẹni tó ń gòkè, Aston Villa sì nà wọ́n ní 2-1 ní Wembley.

Ọdún kan péré nìyẹn. Ọdún kan! Nígbà tó fi máa di oṣù keje 2019, Chelsea pè é pé kó wá jókòó sórí àga.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Chelsea, ẹ rántí bẹ́ ẹ ṣe yọ̀. A rántí. Àwa kan nínú àwa tó ń kọ èyí wà nínú àwọn tó pariwo jù. A ní ọmọ ilé ti dé. A ní ẹni tó gbá góòlù 211, kí ló tún kù tí kò mọ̀? Wọ́n ti fòfin de Chelsea pé wọn ò gbọdọ̀ ra agbábọ́ọ̀lù, Hazard ti lọ sí Real Madrid, síbẹ̀ a ní orúkọ Lampard á gbà wá.

Irọ́ la pa fúnra wa. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, a sì ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù: mímọ bọ́ọ̀lù gbá yàtọ̀ sí mímọ bí a ṣe ń kọ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ méjì ni. Ẹni tó mọ aṣọ wọ̀ kì í ṣe télọ̀. Ẹni tó mọ ọkọ̀ wà kì í ṣe mẹkáníìkì. Ẹni tó wà lórí pápá ń ro ti ẹsẹ̀ ara rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń ro ti èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ẹni tó ń bínú, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, ẹni tí kò fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ibi tí ẹ̀yìn ti ṣí sílẹ̀ nígbà tí bọ́ọ̀lù bá já gbà. Ìyẹn ò sí nínú góòlù 211. A ní láti kọ́ ọ ni, kíkọ́ rẹ̀ sì ń gba ọdún.

Ẹ wo àpẹẹrẹ. Gary Neville gba líìgì mẹ́jọ pẹ̀lú Manchester United. Ní oṣù Kejìlá 2015, Valencia ní kó wá ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, kò sì ṣe olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbì kankan rí. Kò lò tó oṣù mẹ́rin. Barcelona gbá 7-0 sí wọn lára láàárín ìgbà náà. Ẹ wá wo Eddie Howe. Ta ló mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù? Orúnkún ló bá tirẹ̀ jẹ́. Ní ìparí 2008, Bournemouth wà nísàlẹ̀ ní ìpele kẹrin, wọ́n ti yọ máàkì 17 lọ́wọ́ wọn, owó ò sí. Wọ́n ní kí ọmọ ọdún 31 yìí máa mójú tó o. Kò jẹ́ kí wọ́n jábọ́, ó gbé wọn gòkè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé Premier League ní 2015. Ní oṣù kẹta 2025, òun ló gba ife ẹ̀yẹ líìgì fún Newcastle, ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn ò rí irú rẹ̀ gbà láti 1955. Kò sí orúkọ ńlá níbẹ̀. Ìkọ́ṣẹ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ padà sọ́dọ̀ Lampard. Sáà àkọ́kọ́ ní Chelsea ò burú. Ó gbé wọn sí ipò kẹrin, wọ́n dé àṣekágbá FA, Arsenal ló nà wọ́n. Tammy Abraham, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gbá góòlù 15 nínú líìgì. Mount, Reece James, Tomori, gbogbo wọn rí ojú pápá. Sáà kejì, owó dé, wọ́n ná ju igba mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ, ìgbà yẹn lojú ọ̀gbẹ̀rì wá hàn. Wọ́n lé e ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 2021, Chelsea wà nípò kẹsàn-án. Thomas Tuchel dé, kò pé oṣù márùn-ún, àwọn agbábọ́ọ̀lù kan náà gba Champions League ní Porto.

Ọjọ́ ikú erin, ọ̀bẹ oríṣiríṣi. Gbogbo ẹnu tó ti kọrin “ọmọ ilé ti dé” ló wá di ẹnu tó ń pè é ní olódo. Wọ́n ní ẹ ò rí i, ikọ̀ kan náà, èèyàn kan náà, Tuchel fi gba ife. A gbà. Òótọ́ ni. Tuchel ju Lampard lọ lọ́jọ́ náà, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn jù: ó ti ṣiṣẹ́ ní Mainz, ní Dortmund, ní Paris kó tó dé London. Ọ̀gá àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi ń wé ara wọn. Àmọ́ ẹ tún gbọ́ ìdajì tó kù: ta ló fún Havertz ní bọ́ọ̀lù tó fi gbá góòlù Porto? Mount ni. Ta ló mú Mount láti Derby, tó fún un ní àyè nígbà tí kò tíì lórúkọ? Lampard ni. Àwọn tó ń bú u ò ní sọ ìyẹn fún yín.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí Everton, ní ìparí oṣù kìíní 2022. Iná ti ń jó ilé kó tó dé. Wọ́n bọ́ lọ́wọ́ jíjábọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí Crystal Palace ti gbá 2-0 sí wọn, tí wọ́n padà nà wọ́n ní 3-2. Alex Iwobi ti wa, abẹ́ Lampard ló ti bọ́ sí àárín pápá, tó sì tàn. Sáà tó tẹ̀lé e, wọ́n lé Lampard, Everton wà nípò kọkàndínlógún.

Bó bá jẹ́ pé a fẹ́ gbè é sẹ́yìn lásán, a ò ní sọ èyí tó kàn yìí. Ní oṣù kẹrin 2023, Chelsea tún pè é pé kó wá dí àyè fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbà. Àṣìṣe ńlá ni. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11: ó jáwé olúborí nínú ẹyọ kan, ọ̀mì méjì, wọ́n nà án lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ìgbà yẹn ni “Lampard” di orúkọ ẹ̀gàn níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù. Ó padà síbi tó ti ṣubú láìtíì kọ́ ohun tó gbé e ṣubú. Ìyẹn la kì í ṣe.

Ẹ dúró ná. Ṣé ẹ rí ìyàtọ̀? Ọmọ ádùúgbò wa tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ò padà lọ jókòó sórí àga ọ̀gá. Ó padà lọ jókòó sórí àpótí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Tó bá jẹ́ pé dandan ni kẹ́ ẹ fi wé Lampard, Lampard ti Chelsea 2023 kọ́ lẹ máa fi wé. Lampard ti Coventry ni.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ò mọ ti Coventry, torí kì í ṣe Premier League ni wọ́n wà nígbà tó débẹ̀, wọn kì í sábà fi hàn wá níbí nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù karùn-ún 2023, ọdún kan àtààbọ̀ ni Lampard fi wà nílé láìríṣẹ́. Ẹni tó lówó tó yẹn lè jókòó sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kó máa fi ẹnu gbá bọ́ọ̀lù títí ọjọ́ alẹ́. Àmọ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá 2024, ó gba iṣẹ́ Coventry City, ní ìpele kejì. Nígbà náà, Coventry ò tíì padà sí ìpele àkọ́kọ́ láti 2001. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé Mark Robins ni, ẹni tó lé lọ́dún méje nídìí iṣẹ́ yẹn, tó gbé wọn kúrò ní ìpele kẹrin, tí gbogbo ìlú fẹ́ràn. Ipò kẹtàdínlógún ni wọ́n wà. Inú àwọn èèyàn ò dùn. Lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní orúkọ ló fi gba iṣẹ́.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Láti ipò kẹtàdínlógún, wọ́n parí sáà nípò karùn-ún. Wọ́n dé ìdíje àwọn tó ń wá ọ̀nà àtigòkè, Sunderland ló gbá góòlù sí wọn lára nígbà tí àfikún àkókò ti fẹ́ tán pátápátá, ọkàn gbogbo wọn gbọgbẹ́. Ẹlòmíì á sá. Lampard dúró. Ní oṣù kẹjọ 2025, wọ́n gbá 7-1 sí Queens Park Rangers lára, nígbà tó sì fi máa di oṣù kọkànlá 2025, òkè tábìlì ni wọ́n wà. Bí wọ́n gòkè, bí wọn ò gòkè, ìyẹn ò yí ọ̀rọ̀ wa padà. Ohun tí à ń sọ ni pé ọkùnrin tó ti gba Champions League sọ̀ kalẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí a kì í ti í rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, iṣẹ́ náà sì ń jẹ́ fún un.

Ẹnì kan nínú wa ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé, “Ẹ jàre, Lampard lówó. Bó bá ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, orí tìmùtìmù ló ń ṣubú sí. Ọmọ yín yìí, orí kọnkéré ló ṣubú sí. Ẹ má fi wọ́n wéra.” Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, a ò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Tí wọ́n bá lé akọ́nimọ̀ọ́gbá nílùú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń san owó fún un kó tó lọ. Ọmọ wa, gbèsè ni wọ́n fi sìn ín jáde nínú ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ ṣé ìyẹn wá ní ká fi yẹ̀yẹ́ kún gbèsè? Tó bá jẹ́ pé orí kọnkéré lọmọ wa ń ṣubú sí, àwa ló yẹ ká jẹ́ tìmùtìmù. Níbí tí kò sí ẹbí bàbá, kò sí ẹbí ìyá, ta ló tún ní bí kò ṣe àwa? Ẹni tó bá ṣubú nílé, ilé ló ṣubú sí. Ẹni tó bá ṣubú sájò, ọwọ́ ará ìlú rẹ̀ ló ń wò.

Ẹ sì mọ ohun tí ìtìjú ń ṣe láàárín wa. Ẹ mọ àwọn tí wọn ò padà sílé mọ́ láti ọdún wọ̀nyẹn torí pé ọwọ́ wọn ò mú nǹkan. Ọdún Iléyá dé, Kérésì dé, wọ́n ní ọkọ̀ bàjẹ́, wọ́n ní iṣẹ́ pọ̀. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì wọ́n. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, láti ẹnu ọ̀rẹ́, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀bi kejì wà tó jẹ́ tiwa, ó sì yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ dákun ẹ má bínú. Àwa náà máa ń ṣe bíi Chelsea ti 2019. Ọ̀gá kan á kú, a ó gbé ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ rẹ̀ tí kò jókòó níbẹ̀ lọ́jọ́ kan lọ́wọ́, torí pé orúkọ bàbá rẹ̀ wà lórí pátákó. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ dójú àmì wà níbẹ̀, a ò ní wò ó. Ọdún méjì, ṣọ́ọ̀bù ti di ilé eku. Nínú ẹgbẹ́ wa náà, a ó wá ẹni tó ti lórúkọ, tó ní mọ́tò, a ó fi í ṣe akápò, kò sì mọ ìwé owó kọ. Orúkọ kì í ṣe iṣẹ́. Ẹni tó bá fi orúkọ dípò ẹ̀kọ́, òun gan-an ló ṣẹ̀, kì í ṣe ẹni tí wọ́n gbé ẹrù tó jù ú lọ lé lórí. Àwọn tó ni Chelsea ló yẹ ká bú ní 2021, Lampard la bú.

Ẹ rántí Stephen Keshi ti wa, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1994. Wọn ò gbé Super Eagles lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì. Ó lọ sí Tógò, ó gbé wọn dé ife ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn, kí eré náà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, wọ́n ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lọ sí Mali. Ìgbà tó ti jẹ ìyà ibi iṣẹ́ yìí tán ló tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún wa ní 2013. Ká ní a ti sọ ọ́ ní Lampard ní 2006 ńkọ́?

Àgbà ló ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọ tó ṣubú tó wo ẹ̀yìn láti mọ ohun tó gbé òun ṣubú, ó ti ń hùwà àgbà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un.

Ohun tí à ń béèrè ò pọ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fi orúkọ yẹn sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bú Lampard nítorí bọ́ọ̀lù, ẹ bú u, òun náà ti gbọ́ èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi bú ọmọlọ́mọ. Ẹ̀yin ọ̀gá oníṣẹ́, kẹ́ ẹ tó ṣe fúrídọ̀mù fọ́mọ, ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó, bí wọ́n ṣe ń bá onílé sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè láìjà. Ọwọ́ nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Tọ́mọ náà bá sì padà wá, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un bíi tọ̀gá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, Ọlọ́run á máa ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ẹ̀yin àgbààgbà ẹgbẹ́ wa, àjọ tí à ń dá lóṣooṣù, ẹ jẹ́ ká yọ díẹ̀ níbẹ̀ fún ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá kógbá sílé. Owó òkú la máa ń tètè rí dá. Ẹ jẹ́ ká dá fún alààyè náà.

Ìwọ ọmọ wa tí a torí rẹ̀ kọ èyí, a mọ̀ pé wọ́n á fi hàn ọ́. Padà wá wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ẹ̀gbẹ́ wa ni kó o jókòó sí. Bí wọ́n bá tún pè ọ́ ní Lampard, má bínú, bi wọ́n pé: “Lampard ìgbà wo?” Wọ́n ò ní rí èsì fún ọ.

Ire o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ máa ṣọ́ ara yín.